Mo Ní Mi Ò Gbọ́

Ẹni tí kò bá fẹ́ ṣubú, kí ló wá ṣe lórí fóòmù? Ohun tí mo bi Ọpẹ́mipọ̀ nìyẹn lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n ní kí èmi àti ẹ̀ jọ máa kọ́ṣẹ́. Ó kàn rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló dá gbogbo wàhálà yìí sílẹ̀. Mo tètè ń sọ ọ́ fún yín nítorí mo mọ̀ pé tí ẹ bá gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí dópin, èmi lẹ máa bú, ẹ ò ní rántí ẹ̀rín yẹn mọ́.

Orúkọ mi ni Àmọ̀dá. Ọmọ Ọ̀tà ni mí, tìyá ti bàbá. Pánẹ́bítà ni mí, ọdún kọkàndínlógún rèé tí mo ti ń fi òòlù na ara ọkọ̀ ní Ṣàngó. Ọkọ̀ tó bá forí sọ tírélà, tí ẹni tó ni ín ti ń sunkún, ẹ gbé e wá. Tó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ ò ní mọ ibi tó ti fọ́. Júdò ni mo fi ń najú. Àwọn ẹgbẹ́ mi ń lọ sídìí ayò, àwọn kan jókòó ti bọ́ọ̀lù, èmi ń gbé èèyàn lulẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ Wẹ́sìdeè àti ìrọ̀lẹ́ Sátidé. Kí ló burú ńbẹ̀?

Gbọ̀ngàn wa wà ní Ojú Ọrẹ, lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń mọ búlọ́ọ̀kù. Ẹ̀rọ búlọ́ọ̀kù yẹn kì í sinmi. Tó bá ti ń gbọ̀n, ògiri wa náà á máa gbọ̀n. A ò ní ẹní olówó iyebíye kankan. Àjákù fóòmù la gbà nílé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe bẹ́ẹ̀dì, a tò ó, a fi tápólì bò ó, a sì rán an pa. Tó o bá mọ bí wọ́n ṣe ń ṣubú, kò ní dùn ẹ́. Tó o bá ṣubú bí àpò sìmẹ́ńtì, wàá mọ̀ pé kọnkéré ló wà nísàlẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Ṣótúndé ló ń kọ́ wa, Kọ́ọ̀ṣì là ń pè é. Ará Ìjẹ̀bú-Igbó ni, ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, orúnkún ẹ̀ kan ò ṣeé tẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ẹnu ẹ̀ ṣì mú. Àáró ló máa ń pe iṣẹ́ wa. Á ní, “Lónìí o bá mi ro oko mi, lọ́la mo bá ẹ ro tìẹ. Ẹ̀ẹ̀mẹwàá lo máa gbé e, ẹ̀ẹ̀mẹwàá lòun náà máa gbé ẹ. Ara lẹ̀ ń yá ara yín. Ara tí wọ́n bá yá ẹ, odindi ni kó o dá a padà.”

Òfin kan tún wà tí kì í fi ṣeré. Tí wọ́n bá fi lọ́ọ̀kì mú ẹ lápá, ìyẹn ni pé wọ́n fi itan méjèèjì há apá ẹ, tí wọ́n wá ń fà á títí ìgúnpá á fi fẹ́ yí sẹ́yìn, tó o bá ti rí i pé ó tó, wàá fọwọ́ kejì gbá fóòmù tàbí kó o gbá ẹni tó mú ẹ, lẹ́ẹ̀mejì. Pà, pà. Méjì là ń pè é. Ẹni tó bá gbọ́ Méjì gbọ́dọ̀ tú ọwọ́ ẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Kò sí àwíjàre. Kọ́ọ̀ṣì máa ń sọ pé ẹni tí kò bá gbọ́ Méjì, kó máa lọ jà ní gáréèjì, kì í ṣe lọ́dọ̀ òun.

Bẹ́líìtì búráùn ni mo ń dè. Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń dè é, ó ti ń ṣí létí. Kò sẹ́ni tó lè gbé mi lulẹ̀ nínú ẹgbẹ́ wa, gbogbo wọn ló mọ̀. Bẹ́líìtì dúdú ló kù, èmi sì ni yóò jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí Kọ́ọ̀ṣì máa kọ́ débẹ̀ láti ìgbà tó ti dé Ọ̀tà. Iléèwé aládàáni kan ní Ìyànà Ìyẹ̀sí wá ní àwọn ń wá ẹni tó máa kọ́ àwọn ọmọ àwọn ní júdò. Wọ́n ní àfi ẹni tó bá ti ní bẹ́líìtì dúdú. Ẹ̀yìn mi ti ń ro mí nídìí òòlù, iṣẹ́ yẹn ì bá dáa fún mi. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n má purọ́ fún yín. Orúkọ yẹn ni mo fẹ́. Mo fẹ́ kọjá ní Ìyànà Ìyẹ̀sí kí ọmọ ọlọ́mọ dọ̀bálẹ̀ kó ní, “Ẹ káàsán o, Kọ́ọ̀ṣì.” Mo ti ń gbọ́ ọ létí kó tó ṣẹlẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyẹn kí Ọpẹ́mipọ̀ tó wọlé.

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni, ó ń gbé ní Ìjòkó, ó ń ṣiṣẹ́ nílé-iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe abọ́ oníke. Òṣìṣẹ́ ojúmọ́ ni, irú èyí tí kò níwèé, tí wọ́n lè ní kó má wá lọ́la. Ó lágbára. Mi ò ní fi ìkà ọkàn sọ pé kò lágbára. Oṣù mẹ́jọ péré ló fi kọ́ ohun tó gba àwọn míì lọ́dún mẹ́ta. Ṣùgbọ́n ọmọ náà kì í ṣubú! Tó bá kan tiẹ̀, á gbé ẹ lẹ́ẹ̀mẹwàá, wàá sì ṣubú fún un bó ṣe yẹ, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Tó bá wá kan tìẹ, á ya ẹsẹ̀, á ki ìdí sílẹ̀, á wá le gbagidi bí òpó iná. Wàá fà á, wàá tì í, òógùn á bò ẹ́, á máa wò ẹ́, á sì máa rẹ́rìn-ín. Tó o bá bínú, á ní, “Ẹ̀gbọ́n, tí ẹ bá lè gbé mi, ẹ gbé mi.” Ajẹ-àáró-má-san. Ìbráhìm, tó ń ṣe télọ̀ ní Ojú Ọrẹ, kọ̀ láti bá a ṣe. Kàdírì náà kọ̀. Kọ́ọ̀ṣì wá ní, “Àmọ̀dá, ìwọ lo dàgbà jù, mú un.”

Oṣù mẹ́ta ni mo fi mú un. Mo bẹ̀ ẹ́, mo bá a wí, mo rà á ní málítì, mo ní, “Àbúrò, kì í ṣe ìjà la wá jà o, ara ẹ lò ń yá mi.” Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹni tí mo bá bá jà níta, ṣé ó máa yá mi lára ẹ̀?” Ẹ gbọ́ ìdáhùn! Ọmọ àná!

Lọ́jọ́ Sátidé kan nínú oṣù kejì, ọkùnrin kan wá láti iléèwé Ìyànà Ìyẹ̀sí yẹn. Òun ló ń bójú tó eré ìdárayá níbẹ̀, ó ní kóun wá fojú ara òun rí Àmọ̀dá tí wọ́n ń sọ. Wọ́n gbé àga fún un. Kọ́ọ̀ṣì ní kí n fi ìgbéjù kan hàn án, èyí tí mo mọ̀ jù, ti ká fi ìbàdí gbé èèyàn sọlẹ̀. Èmi ló kàn, ẹ rántí o, èmi ni mo ni àkókò yẹn. Mo di Ọpẹ́mipọ̀ lọ́rùn aṣọ mú, mo yí ìdí wọlé. Kí n tó mọ̀, ọmọ náà ti yọ ìdí ẹ̀, ó ti gbá mi lẹ́sẹ̀, ojú mi ti ń wo àjà.

Gbàà! Ni mo ṣubú. Bí àpò sìmẹ́ńtì.

Gbogbo gbọ̀ngàn pariwo. Ìbráhìm ni mo gbọ́ ẹ̀rín ẹ̀ jù. Ọkùnrin iléèwé yẹn náà rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ bo ẹnu. Ọpẹ́mipọ̀ na ọwọ́ sí mi kí n dìde, ó ní, “Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ̀gbọ́n, ara ń dàgbà.” Mo di ọwọ́ yẹn mú, mo dìde. Mo rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn.

Kọ́ọ̀ṣì ní ká lọ sí ti orí ilẹ̀. Ìyẹn ni ibi tí wọ́n ti ń fi lọ́ọ̀kì mú èèyàn. Kò gbà mí ju bí ẹni gbé omi mì lọ. Mo ti dá a dùbúlẹ̀, apá òsì ẹ̀ ti wà láàárín itan mi. Mo fà á. Ó gbá Méjì sí mi lẹ́sẹ̀. Pà, pà.

Mo gbọ́ ọ. Mo gbọ́ àkọ́kọ́, mo gbọ́ ìkejì. Ó tún gbá a, mo gbọ́ ìyẹn náà. Ojú ẹ̀ ti yí padà, ẹ̀rín ti kúrò ńbẹ̀, mo ní kí n wò ó díẹ̀ sí i báyìí. Ohun tó wà lọ́kàn mi nìyẹn, mi ò bò ó: kí n wò ó díẹ̀ sí i. Mo wá gbé ìdí sókè. Ìgúnpá ẹ̀ dún bí ìgbà tí èèyàn bá ṣẹ́ igi tútù.

Igbe tó ké, àwọn oníbúlọ́ọ̀kù gbọ́ ọ, ẹ̀rọ wọn ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ o! Wọ́n sáré wá sí fèrèsé. Kọ́ọ̀ṣì rọ́ wá, ó wo apá yẹn, ó wo èmi. Ó ní, “Àmọ̀dá, kò gbá Méjì ni?”

Mo ní, “Mi ò gbọ́.”

“O ò gbọ́?”

“Ẹ̀rọ búlọ́ọ̀kù ń ṣiṣẹ́, Kọ́ọ̀ṣì. Ẹ sì mọ etí àwa pánẹ́bítà. Ọdún kọkàndínlógún nídìí òòlù. Mi ò gbọ́.”

Òótọ́ ni pé etí àwa pánẹ́bítà máa ń di. Gbogbo Ṣàngó ló mọ̀, tí o bá fẹ́ bá wa sọ̀rọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, wàá pariwo ni. Ìyẹn ni irọ́ mi fi rí ilé gbé. Kọ́ọ̀ṣì wò mí títí. Mo rí i lójú ẹ̀ pé kò gbà mí gbọ́. Ṣùgbọ́n èmi ni bẹ́líìtì dúdú ẹ̀, èmi ni ẹni àkọ́kọ́. Ó yíjú sí àwọn tó kù, ó ní, “Kò gbọ́. Àṣìṣe ni. Ẹ wá ọkọ̀ ká gbé e lọ.”

Nígbà tí mo délé, mo sọ fún Kàfáyá ìyàwó mi bí mo ṣe sọ fún wọn. Ó ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́, kò gbójú sókè. Ó ní, “Bàbá Rọ́fíà, etí yín yìí náà ló máa ń gbọ́ tí mo bá ṣí ìkòkò ẹran ní kíṣìnnì, tí ẹ wà ní pálọ̀?” Mo ní kó pa ẹnu ẹ̀ mọ́. Ó pa á mọ́, ó ń ṣa ẹ̀wà ẹ̀ lọ.

Ọ̀dọ̀ bàbá kan tó ń to eegun ni wọ́n gbé Ọpẹ́mipọ̀ lọ. Eegun jinná, ṣùgbọ́n apá ò nà tán mọ́. Ó tẹ̀ síbì kan, ó sì dúró síbẹ̀. Nílé-iṣẹ́ abọ́, wọ́n ní kó lọ sinmi nílé títí apá á fi yá. Ìsinmi yẹn ni kò tán mọ́ títí dòní. Nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́ ní gbọ̀ngàn, mo ń ṣe, “Ẹ̀yà! Ẹ̀yà!” Nínú mi lọ́hùn-ún, mo ń sọ pé, bí ẹni bá jẹ àáró tí kò san, ojú ẹ̀ á rí i.

Ẹ ò rí i pé mo ti kìlọ̀ fún yín pé èmi lẹ máa bú.

Ó wá di oṣù kẹjọ, lẹ́tà dé láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń darí júdò ní Abẹ́òkúta. Àwọn olùdánwò ń bọ̀ nínú oṣù kẹwàá, ọjọ́ Sọ́ńdè, ní gbọ̀ngàn wa gan-an. Inú mi dùn, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fò. Ṣùgbọ́n ìdánwò bẹ́líìtì dúdú, èèyàn kì í dá a ṣe. O gbọ́dọ̀ mú ìkejì ẹ wá, ọmọ ẹgbẹ́ yín, tó máa ṣubú fún ẹ, tó máa yọ̀ǹda apá fún ẹ, kí wọ́n lè rí iṣẹ́ ọwọ́ ẹ. Bí ìkejì ò bá dáa, ìwọ ni wọ́n máa já.

Mo lọ bá Ìbráhìm ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀. Ó ní ìyàwó òun fẹ́rẹ̀ẹ́ bímọ. Mo ní ní oṣù kẹwàá ńkọ́? Ó ní nígbà yẹn, ọmọ á ti wà ńlẹ̀, òun á máa tọ́jú ẹ̀. Mo lọ bá Kàdírì. Kàdírì ò tiẹ̀ purọ́, ó ní, “Àlàájì Òòlù, apá mi ni mo fi ń jẹun.” Mo wá bá Kọ́ọ̀ṣì pé kó pàṣẹ fún ẹnì kan. Kọ́ọ̀ṣì ń fọwọ́ pa orúnkún ẹ̀, ó ní, “A kì í pàṣẹ àáró, Àmọ̀dá. Oko ẹ ti digbó, kò sẹ́ni tó fẹ́ wọ̀ ọ́. Lọ bá ẹni tó o ṣẹ̀.”

Èmi, kí n lọ bẹ ọmọ àná! Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń rò ó. Lẹ́yìn náà mo ra ọsàn àti búrẹ́dì, mo wọ mọ́tò lọ sí Ìjòkó lọ́sàn-án ọjọ́ Sọ́ńdè.

Adéjọkẹ́ ìyàwó ẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn. Ó gbé ọmọ dání, ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀yin ni? Ẹ ẹ́ ṣeun o. Apá ọ̀tún ló kù, ṣé òun lẹ wá mú?” Ó ní, “Ẹ wọlé kẹ́ ẹ wá wo bó ṣe ń gbé ọmọ ẹ̀.” Ó gbé ọmọ fún Ọpẹ́mipọ̀ lóòótọ́, lójú mi. Ọpẹ́mipọ̀ fi apá ọ̀tún gbà á, ó wá fi apá òsì tó tẹ̀ yẹn há a mọ́ àyà, ọmọ náà ń yọ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Adéjọkẹ́ gbà á padà kó tó jábọ́. Ó ní, “Ẹ ti rí i. Ẹ lè máa lọ.”

Mo dọ̀bálẹ̀. Níwájú obìnrin, níwájú ọmọ ọwọ́, èmi tí wọ́n bí ṣáájú ọkọ ẹ̀ ní ọdún mẹ́rìndínlógún, mo dọ̀bálẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì tó ti já. Mo sọ ohun tí mo bá wá.

Ọpẹ́mipọ̀ wo apá òsì ẹ̀. Ó wá ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ dìde. Mo máa wá.”

Adéjọkẹ́ ní, “Kí lo wí?”

Ó ní, “Mo máa wá. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n, tó bá dórí lọ́ọ̀kì, apá òsì yìí ni ká lò. Òun ló mọ̀ yín.”

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yẹn ta mí létí. Kò ta mí. Ayọ̀ ti dí i.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà la fi gbára dì, ẹ ò sì ní gbà mí gbọ́: ọmọ náà ń ṣubú! Tí mo bá ti yí ìbàdí wọlé báyìí, á fò, á gbá fóòmù pẹ̀lú apá tó dáa, á dìde kíá, a tún bẹ̀rẹ̀. Kò le gbagidi mọ́, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Tó bá dórí lọ́ọ̀kì, kí n tó fà á rárá ló ti ń gbá Méjì, èmi náà á sì tú u lójú ẹsẹ̀, kí gbogbo èèyàn rí i. Mo sọ fún Kàfáyá pé, “Ṣé o rí i báyìí? Ìyà ló ń kọ́ ọmọ lọ́gbọ́n. Èmi ni mo sọ ọ́ dèèyàn.” Kàfáyá ní, “Ẹ kú iṣẹ́.”

Ní Sátidé tó ṣáájú ìdánwò, àwa méjèèjì jókòó sórí búlọ́ọ̀kù níta, à ń mu omi. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, mo fẹ́ bi yín ní nǹkan kan. Mi ò ní bínú. Lọ́jọ́ yẹn, ṣé lóòótọ́ lẹ ò gbọ́?”

Ojú ẹ̀ wà lójú mi, kò sẹ́lòmíì níbẹ̀. Ká ní mo sọ òótọ́ fún un níbẹ̀ yẹn, mo rò pé ibẹ̀ ni ì bá parí sí. Mo mọ̀ ọ́n báyìí. Ṣùgbọ́n nígbà yẹn, ohun tí mo rò ni pé tí n bá jẹ́wọ́, á lè sọ ọ́ fún Kọ́ọ̀ṣì lọ́la, bẹ́líìtì mi á lọ. Àti pé, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán, ó ń dùn mọ́ mi nínú pé mo jẹ gàba lé e lórí.

Mo ní, “Àbúrò, mi ò gbọ́ o. Ẹ̀rọ ni.”

Ó ní, “Kò burú.” Ó mu omi ẹ̀ tán, ó sọ ọ̀rá náà nù, ó lọ sílé.

Ọjọ́ pé. Kọ́ọ̀ṣì ti lọ bẹ oníbúlọ́ọ̀kù lọ́jọ́ mẹ́ta ṣáájú pé kó má tan ẹ̀rọ ẹ̀ lọ́jọ́ náà, nítorí tèmi, kí wọ́n má baà dí mi lọ́wọ́. Gbọ̀ngàn wá pa lọ́lọ́ débi pé tí wọ́n bá ń bó òrombó lẹ́nu ọ̀nà, wàá gbọ́. Àwọn olùdánwò mẹ́ta jókòó sídìí tábìlì. Obìnrin kan ló ṣolórí wọn, Màdáámù Ìtẹ́olúwa, ó ti gbó, irun ẹ̀ funfun, ó de bẹ́líìtì dúdú tó ti ṣá di eérú. Ọkùnrin iléèwé Ìyànà Ìyẹ̀sí náà wá. Kàfáyá jókòó sẹ́yìn. Adéjọkẹ́ náà wá, ó gbé ọmọ pọ̀n.

Mo ṣe é débi tó lẹ́wà. Gbogbo ìgbéjù, ti apá, ti ìbàdí, ti ẹsẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún, ọwọ́ òsì. Ọpẹ́mipọ̀ ń fò bí ẹni tí kò ní eegun. Màdáámù ń mi orí pé ó dáa, ó ń kọ̀wé. Mo rí Kọ́ọ̀ṣì tó ń nu ojú. Ọkùnrin iléèwé yẹn na àtàǹpàkò sókè sí mi. Lọ́kàn mi, mo ti dé Ìyànà Ìyẹ̀sí.

Ó wá ku lọ́ọ̀kì nìkan. Mo dá a dùbúlẹ̀, mo há apá òsì yẹn mọ́ itan, mo fẹ̀yìn lélẹ̀. Mo ń retí Méjì, bó ṣe máa ń ṣe kí n tó fà á rárá.

Kò gbá a.

Mo fà á díẹ̀. Kò gbá a. Mo wo ojú ẹ̀ láàárín ẹsẹ̀ mi, ojú ẹ̀ ń wò mí. Màdáámù ti gbé bírò sókè, ó ń dúró. Tí ìkejì ò bá gbá Méjì, ó túmọ̀ sí pé lọ́ọ̀kì mi ò mú un, mo ti já nìyẹn. Mo fà á sí i. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀rín yẹn! Ẹ̀rín oṣù kejì, òun náà gan-an! Ẹ̀jẹ̀ ru sí mi lórí. Mi ò rí gbọ̀ngàn mọ́, mi ò rí Màdáámù mọ́, ẹ̀rín yẹn nìkan ni mò ń rí. Mo ní, ìwọ ọmọ yìí, o tún dé. Mo fà á.

Pà! Pà!

Fóòmù ló gbá, gbangba, ẹni tó wà níta gbọ́ ọ. Mo gbọ́ àkọ́kọ́, mo gbọ́ ìkejì. Ọwọ́ mi ò tú. Mo tún gbé ìdí sókè. Ìgúnpá yẹn dún lẹ́ẹ̀kejì, kò dún sókè bíi ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n nínú ìdákẹ́rọ́rọ́ yẹn, kò sí ẹni tí kò gbọ́ ọ. Ọpẹ́mipọ̀ ò ké. Ó mú ètè ẹ̀ jẹ. Ìgbà yẹn lọ́wọ́ mi tó tú.

Màdáámù Ìtẹ́olúwa fi bírò ẹ̀ lélẹ̀. Ó ní, “Ọ̀gbẹ́ni Àmọ̀dá, ṣé ẹ gbọ́ nígbà tó gbá a?”

Ẹnu mi là. Mo fẹ́ sọ pé mi ò gbọ́. Ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu mi, òun nìkan ni mo ní. Mo wo ògiri tí kò gbọ̀n, mo wo Kọ́ọ̀ṣì. Kọ́ọ̀ṣì ń wo apá Ọpẹ́mipọ̀, ojú ẹ̀ sì dà bíi ti ẹni tó ń rántí nǹkan tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Níbi tí Kàfáyá jókòó sí, ó ti fọwọ́ bo ojú, ó ń sunkún.

Ọpẹ́mipọ̀ ló dá a lóhùn látorí ilẹ̀. Ó ní, “Ó gbọ́, mà. Ó máa ń gbọ́.”

Màdáámù pa ìwé dé. Kò bú mi, ì bá dáa ká ní ó bú mi. Ó ní, “Ẹ gbé ọmọ yẹn lọ sílé ìwòsàn,” ó sì ní kí wọ́n pe ẹni tó kàn nínú àwọn tó wá ṣe ìdánwò bẹ́líìtì kékeré. Ọkùnrin iléèwé ti jáde. Kọ́ọ̀ṣì rọra rìn wá pẹ̀lú orúnkún ẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ ara ẹ̀ tú bẹ́líìtì búráùn nídìí mi. Ó pẹ́ kó tó tú, ó ti le ní ìdí kókó. Ó ní, “Máa lọ sí gáréèjì.” Mo mọ̀ pé ara ẹ̀ náà ló ń bá wí, ṣùgbọ́n èmi ló lé jáde.

Níta, Ọpẹ́mipọ̀ jókòó sórí búlọ́ọ̀kù tá a jọ jókòó sí lánàá, wọ́n ń dúró de ọkọ̀. Adéjọkẹ́ ti tú gèlè orí ẹ̀, ó fi ń so apá náà mọ́ ọn láyà, omi ń dà lójú obìnrin náà. Kò mọ̀ tẹ́lẹ̀, mo rí i pé ọkọ ẹ̀ ò sọ ohun tó fẹ́ ṣe fún un.

Mo dúró níwájú Ọpẹ́mipọ̀ láìní bẹ́líìtì, aṣọ mi ṣí sílẹ̀ láyà. Mo ní, “O mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. O ba apá ara ẹ jẹ́ nítorí tèmi?”

Ó gbójú sókè. Òógùn ìrora ti bò ó, ṣùgbọ́n ohùn ẹ̀ balẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, apá yìí ti kú láti oṣù kejì. Mo kàn gbé e wá kí wọ́n lè rí ẹni tó pa á.”

Ọkọ̀ dé, wọ́n gbé e wọlé, wọ́n lọ.